Gèlè Mi Ti Rí Orí Mìíràn

Ẹ gbà mí o, ọmọ mi ti wá ìyá tuntun!

Láti àná tí Bùkọ́lá ti dé sí Ìlarò, kò tíì jókòó tì mí.

Lónìí, mo bá a ní káńsù. Ó ń bá màmá àgbà kan tó ń sùn nínú ìsọ̀ ọjà forúkọ sílẹ̀ fún owó ìrànwọ́ ìjọba. Gèlè tuntun mi ló wé fún wọn torí fọ́tò!

Akọ̀wé ní, “Níbo ni màmá ń gbé?”

Bùkọ́lá nawọ́ sí mi, “Ilé wa ni. Màámi nìyí, ẹ bi wọ́n.”

Bí mo bá ní rárá, owó lọ nìyẹn. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Màmá ti wà lórí àga mi báyìí, Bùkọ́lá ń gé èékánná fún wọn.

Ẹ̀yin abiyamọ, ta ló ti gé tiyín rí?