Síìtì Ẹ́ńjìnì àti Oorun Ìyá Mi

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, oorun kúrò lójú ìyá mi. Kò sunkún, kò ráhùn. Á kàn jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ojú rẹ̀ á sì pọ́n. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn, kò lò ó. Àwọn àbúrò mi tó wà lókè òkun ń pè lórí fóònù, wọ́n ní kó máa mu mílíìkì gbígbóná. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ní Ọ̀kà, tí mo kó padà sílé wá bá a gbé, èmi ni mo ń rí bó ṣe ń gbẹ lọ lójoojúmọ́. Ẹ̀rù bà mí gidi pé òbí méjì ni mo fẹ́ sin láàárín ọdún kan.

Ibì kan ṣoṣo ló ti ń sùn, inú mọ́tò bàbá mi.

Mo kíyè sí i lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ sí Ìkàrẹ́ láti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. A ò tíì kúrò ní Ọ̀kà tán tó ti gbé orí lé gíláàsì, tó dijú. Mọ́tò náà ń gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n, láti dáṣíbọ́ọ̀dù títí dé ìdí àga, etí gèlè ìyá mi náà sì ń gbọ̀n lára gíláàsì. Mo wá rántí pé bẹ́ẹ̀ ló ti ń rí láti kékeré wa. Bá a bá ti wọ mọ́tò báyìí, màámi á dijú. Bàbá mi á gbójú sókè, á wo àwa ọmọ tá a wà lẹ́yìn nínú dígí, á fi ìka lé ètè, á ní, “Ẹ dákẹ́. Ìyá yín ti sùn.” Á wá máa rọra wa mọ́tò lọ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé eré àsápajúdé ni bàbá mi máa ń sá tó bá dá wà nínú mọ́tò. Mo kà á sí ìsọkúsọ. Bàbá tí mo mọ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere lè yà á sílẹ̀.

Bí ìrìn àjò wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá ti dé láti ilé ìwé, tí ìyá mi bá sì ti kírun alásárì tán, màá ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká jáde díẹ̀.” Kò bi mí pé níbo rí. Á wọ sálúbàtà rẹ̀, á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ó kọrí sí Ìkàrẹ́. A ò ní ohun kan pàtó láti rà. Nígbà mìíràn màá ra búrẹ́dì, nígbà mìíràn màá kàn yípo, màá padà.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Àwọn àpáta wà lápá ọ̀tún wa, wọ́n wà lápá òsì wa, kùrukùru sì bò wọ́n débi tí èèyàn ò fi mọ ibi tí òkúta parí sí àti ibi tí sánmà ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín igbó tí wọ́n ń sun ń fẹ́ kọjá lójú títì. Ọ̀kadà tó kó iṣu bọ̀ láti ìhà Ṣúpárè á yọ sí wa lójijì nínú èéfín náà, á kọjá, á tún wọmi bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Ohùn àwọn ọmọ ilé kéwú á dé láti ibì kan, á tún lọ. Mọ́tò á máa gbọ̀n, ìyá mi á dijú, àtẹ́lẹwọ́ mi lórí sítíárìn á máa rìn mí títí tí mi ò fi ní mọ̀ bóyá èmi gan-an jí tàbí mo ń lálàá. Mo gbádùn ọjọ́ wọ̀nyẹn ju bó ṣe yẹ kí ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ gbádùn ohunkóhun. Ojú máa ń tì mí díẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n yẹn ń pọ̀ sí i. Ó dé ibi tí ife tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ń jó, tí ohun kan sì ń ṣe gbà-gbà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo bá ti tẹ bíréèkì. Mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, kò gbọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì bàbá mi ní Ìkàrẹ́, bàbá àgbà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń tún mọ́tò náà ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí n fi í sí rìfáàsì. Ẹ́ńjìnì náà fò sókè bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Ó ní, “O rí i? Síìtì ẹ́ńjìnì ti iwájú ló ti já.”

Irin àti rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé ló ń pè bẹ́ẹ̀. Rọ́bà yẹn ló máa ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì sára, tí kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Ó ní tá a bá ti pààrọ̀ rẹ̀, mọ́tò á dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ “rọ́rọ́” yẹn ló bà mí nínú jẹ́. Mo rí ìyá mi lọ́kàn mi, tó jókòó sínú mọ́tò tó dákẹ́, tí ojú rẹ̀ là kalẹ̀ bó ṣe ń là nílé.

Mo ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ ná, Bàbá.”

Ó wò mí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ bàbá ẹ ni ẹ́ lóòótọ́.” Mo rò pé ó ń bú mi ní ahun ni, inú sì bí mi. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé fúnra mi, mo lọ.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi wa mọ́tò náà bẹ́ẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ ni, mo mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbi kọ́nà kan láàárín àwọn àpáta Ọ̀kà, ẹ́ńjìnì náà fò, ó lu nǹkan gbàà, jíà sì bọ́ kúrò nípò rẹ̀. Mọ́tò ń yí lọ fúnra rẹ̀. Mo fa hándì-bíréèkì, mo sì yà á sínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kí n tó yíjú, ìyá mi ti di ilẹ̀kùn mú gírígírí, ojú rẹ̀ sì là rekete. Mo gbọ̀n ju mọ́tò lọ lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí mo ń wá oorun fún, mo fẹ́ fi oorun náà pa á.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo rọra wà á dé Ìkàrẹ́. Mo sọ ìyá mi kalẹ̀ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sì lọ bá mẹkáníìkì. Ó ti ní síìtì tuntun nílẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé màá padà wá. Ó ki jáàkì bọ abẹ́ ẹ́ńjìnì, ó fi pákó kan sáàárín kí irin má baà lu irin, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sì ń tú nọ́ọ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò kánjú. Mo jókòó sórí táyà kan, mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo dókítà. Nígbà tó fa síìtì àtijọ́ náà yọ, rọ́bà rẹ̀ ti ya kúrò lára irin pátápátá. Ohun kan wà láàárín wọn tí wọ́n gé, tí wọ́n sì ki bọ ibẹ̀ dáadáa. Mẹkáníìkì fi sukudiráfà yọ ọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo nu epo dúdú ara rẹ̀ kúrò.

Sílípáàsì bàbá mi ni, ẹsẹ̀ òsì, àwọ̀ búlúù, tòun ti àmì tó máa ń fi bíléèdì fà sí ìdí rẹ̀ kí wọ́n má baà wọ̀ ọ́ lọ ní mọ́ṣáláṣí.

Sílípáàsì yẹn ti sọnù fún wa rí. Bàbá mi ní ajá ilé kejì ló gbé e lọ. Èmi tí mo wá sílé ṣọdún Iléyá nígbà náà, mo dìde, mo lọ bá ìyá tó ni ajá, mo sì bá a jà débi pé a ò kí ara wa títí di òní. Bàbá mi jókòó sí fàráǹdà, ó ń gbọ́ ariwo mi, kò sọ nǹkan kan.

Mo bi mẹkáníìkì pé kí ló dé tí kò pààrọ̀ síìtì náà nígbà náà.

Ó ní, “Èmi kọ́ o. Bàbá ẹ ni. Gbogbo síìtì tó kù ni mo ti pààrọ̀ fún un, ti iwájú yìí ló ní kí n má fọwọ́ kàn. Ó ní gbígbọ̀n yẹn ni ìyàwó òun fi ń sùn. Wọ̀láì, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Tó bá ti pọ̀ jù, á wá nǹkan ki bọ àárín rẹ̀, kó lè gbọ̀n níwọ̀n.” Ó mi orí. “Ìwọ náà wá, o tún ní kí n fi í sílẹ̀.”

Àṣà rẹ̀ ni pé ó máa ń kó ògbólógbòó ohun tó bá yọ fún ẹni tó ni mọ́tò, kí olúwarẹ̀ má baà rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó di síìtì àti ègé sílípáàsì náà sínú náílọ́ọ̀nù fún mi. Mo tan mọ́tò. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tún fẹ́ tan án lẹ́ẹ̀kejì.

Mo lọ gbé ìyá mi. A jáde ní Ìkàrẹ́, mo ń retí pé kó gbé orí lé gíláàsì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ṣánṣán, ó ń wo àpáta, ó ń wo ojú títì. Mo ti ba ibi kan ṣoṣo tó kù fún un jẹ́.

Mo ní, “Màámi, ẹ ò sùn?”

Ó ní, “Mo ti sùn nínú mọ́tò yìí rí ni?”

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, eré mọ́tò sì dín kù. Ìyá mi ń fi ọwọ́ tẹ́ ìró rẹ̀ lórí itan.

Ó ní, “Ẹ̀rù kọ́nà ibí yìí ló máa ń bà mí. Bàbá ẹ, eré ló mọ̀ ọ́n sá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ọjọ́ tí mo wá dijú, tó rò pé mo ti sùn, ló rọra wà á. Mo wá ń dijú. Tìẹ náà, mo rí i pé inú ẹ ń dùn tí mo bá ti dijú, mo ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ èyí tó fẹ́ gbé wa lu àpáta lánàá, mi ò lè dijú mọ́ o, ọmọ mi.”

Gbogbo ọ̀nà yẹn, gbogbo ọdún yẹn. Mo nawọ́ sẹ́yìn, mo mú náílọ́ọ̀nù náà, mo gbé e lé e lórí itan, mo sì sọ ohun tí mẹkáníìkì wí fún un bó ṣe wí i. Ó mú ègé sílípáàsì náà jáde. Ó yí i padà, ó rí àmì bíléèdì ìdí rẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó òun fi ń sùn?”

Mo ní, “Bó ṣe sọ nìyẹn.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́, ó sì di ẹkún níwájú mi, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí a gbé bàbá mi wọ ilẹ̀. Mo jẹ́ kó sun ún. Mo ń rọra wa mọ́tò lọ, mi ò tan rédíò, mi ò sọ pé kó má sunkún mọ́. Ó ń tún un sọ ní jẹ́ẹ́jẹ́, “Ọkùnrin yìí. Ọkùnrin yìí.” Ó di sílípáàsì náà mú sí àyà, epo dúdú sì yí mọ́ aṣọ rẹ̀.

Nígbà tá a fi máa wọ Ọ̀kà, ohùn rẹ̀ ti lọ. Mo rò pé ó ń ronú ni. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun kan tí mi ò gbọ́ rí nínú mọ́tò yẹn láyé mi. Ìyá mi ń hanrun. Orí rẹ̀ ti ṣubú sí èjìká, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń hanrun bí ẹni tó ti oko dé.

Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, mi ò dúró. Mo kọjá, mo kọrí sí ọ̀nà Ìṣùà, mo ń rọra wà á. Mo gbójú sókè sí dígí. Kò sẹ́nì kankan lórí àga ẹ̀yìn, síbẹ̀ mo fi ìka lé ètè.