Ohun tí Àrìnpé Sọ nípa Oorun Ọkọ Rẹ̀

Bí Gbádérọ̀ bá ń sùn ní Agbówó, kò sí ayálégbé kan nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá yẹn tí kò ní mọ̀. Ọkùnrin náà máa ń hanrun! Yóò fà á, yóò fà á, bí ẹni ń fi ayùn la pákó, yóò wá dákẹ́ lójijì, lẹ́yìn náà yóò mí kanlẹ̀ gbì. Àwọn ará ilé á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ nídìí kànga. "Bàbá Ṣèyí, ẹ kú iṣẹ́ àná o! Pákó mélòó lẹ là mọ́jú?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á gbé garawa rẹ̀, á kọjá.

Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ kì í bínú sí yẹ̀yẹ́ yẹn. Kí ló fẹ́ bínú sí? Lójú tirẹ̀, ọkùnrin tó bá ń hanrun, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Bódìjà tí ọkọ rẹ̀ kì í sùnlé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ti Gbádérọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ariwo náà wá pọ̀ jù, Àrìnpé ká ẹní rẹ̀, ó lọ ń bá Ṣèyífúnmi ọmọ wọn sùn ní pálọ̀, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọkọ òun ń sinmi.

Ìsinmi kẹ̀! Bí ilẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ Gbádérọ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n kankan. Bó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, pásítọ̀ kò ní tíì ka ẹsẹ Bíbélì tán tí yóò ti máa tòògbé. Ó ń gbàgbé nǹkan. Ẹni tí kì í jágbe mọ́ ọmọ wá ń jágbe nítorí ṣíbí. Ó ń jẹ obì títí eyín rẹ̀ fi pọ́n, kò sì gbà á lọ́wọ́ oorun. Àrìnpé ní kó yéé ṣọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ ni o, lójú ọmọ ló ṣe sọ ọ́.

Akọ̀wé ni Gbádérọ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, níbi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti lò níbẹ̀. Ní 1996 tí epo ọkọ̀ di àwátì, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn gba Bódìjà kọjá lọ síbi iṣẹ́. Bó bá ti fìdí kan àga báyìí, oorun dé. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, ó tọrọ àforíjì. Wọ́n tún fún un ní òmíràn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà pátápátá wọlé bá a tó gbórí lé fáìlì tó ń hanrun, ọ̀rọ̀ di ti ìgbìmọ̀ ìbáwí.

Àlàájì Bùsàrí tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ Ṣakí làwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí Gbádérọ̀ wà ní ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àlàájì yà sílé wọn. Àrìnpé kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi fún un.

"Ìyá Ṣèyí, ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́ fún ọ. Má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ṣé Gbádérọ̀ ń sùn lálẹ́?"

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Àrìnpé lọ́kàn ni pé àwọn ará ọ́fíìsì ti ń gbé e kiri pé ọkọ òun ní obìnrin kan níta. Bó bá ṣe ìwọ ni, kí lo máa rò? Obìnrin wo ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní gbèjà ilé rẹ̀?

"Àlàájì, ta ló ń purọ́ mọ́ ọkọ mi? Bàbá Ṣèyí kì í jáde! Láti aago mẹ́sàn-án tó bá ti sùn, ó di aago mẹ́fà àárọ̀. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ tó ń hanrun, ẹ bi wọ́n wò. Kò sẹ́ni tó ń sùn tó o ní gbogbo Agbówó."

"Kò sí àìsàn kankan?"

"Àìsàn kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Àlàájì wolẹ̀. Ó mu omi náà tán, ó dìde. Àrìnpé kò purọ́, ìyẹn gan-an ló dunni. Ohun tí ọkùnrin yẹn ń wá ni ohun tó lè dì mú láti fi ní kí wọ́n rán ọmọ ìlú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bi í, ó sọ ohun tó gbọ́. Ẹni tó ń sun wákàtí mẹ́sàn-án nílé, tó tún ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, kí ni wọ́n máa pè é? Wọ́n lé Gbádérọ̀.

Kò ju oṣù méjì lọ, lọ́sàn-án gangan, ó ń fọwọ́ láti jẹun, ó ṣubú. Rọpárọsẹ̀. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹnu wọ́. Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ó mi orí, ó bi Àrìnpé bóyá ọkọ rẹ̀ máa ń hanrun.

"Gan-an, dókítà. Ó máa ń sùn dáadáa."

"Màmá, kì í sùn o. Bí oorun bá ti fẹ́ wọra, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á dí. Èémí á dá, ara á ta jí kó má baà kú. Á tún sùn, á tún dí. Bó ṣe ń ṣe mọ́jú nìyẹn. Ẹni tí kò sinmi láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ru?"

Àrìnpé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni ẹnu tirẹ̀ pa. Ojú tì í, ó dùn ún, kò sì rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí ohùn Gbádérọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Àrìnpé ń fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàbá Ṣèyí, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo sọ fún Àlàájì pé ẹ ń sùn dáadáa. Èmi ni mo ba iṣẹ́ yín jẹ́."

"Mo mọ̀," ni Gbádérọ̀ wí. Ọ̀rọ̀ náà ń fà lẹ́nu rẹ̀. "Níwájú mi ni wọ́n ti sọ ọ́."

"Ẹ wà níbẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ò jiyàn? Ẹ̀ bá ti sọ fún wọn pé ó ń rẹ̀ yín!"

Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà, ọwọ́ òsì ló fi nù ún.

"Mo rò pé òótọ́ lo sọ, Àrìnpé. Mo rò pé lóòótọ́ ni mò ń sùn, pé èmi náà kàn ya ọ̀lẹ ni."