Orúnkún Ìyá Mi Lórí Òkè Kútọnu

Òórùn àbẹ́là tó ń yọ́ nínú oòrùn ló kọ́kọ́ pàdé wa nísàlẹ̀ òkè yẹn. Ọ̀rẹ́ mi, títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn àbẹ́là, òkè yẹn ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Ìlú kan ni nílẹ̀ Kútọnu, lẹ́yìn bọ́dà, tí ṣọ́ọ̀ṣì funfun kan jókòó sórí òkè rẹ̀. Láti Òkìtìpupa dé Àjàgbà, kò sí aládùúrà tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìjọ ló gbé wa lọ lọ́dún tí mo jáde níléèwé. Obìnrin tó ń ta àbẹ́là fọ Faransé sí mi, èmi náà ṣe bí ọ̀mọ̀wé, mo ní "wí," ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni" tiwọn. Ó kó àbẹ́là mẹ́fà lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe mọ̀wé tó nìyẹn.

Ìwé yẹn náà ló gbé wa débẹ̀. Ìyá mi, tó ń gbin ẹ̀gẹ́ n'Igbodigo, ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ lójú ìjọ pé tí mo bá yege nínú ìdánwò àṣejáde, òun á fi orúnkún gun òkè náà lọ dúpẹ́. Nígbà tí èsì jáde, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti wò ó lórí fóònù. Mo ṣubú nínú Mátíìsì. Mo ṣubú nínú Gẹ̀ẹ́sì. Màámi bi mí pé ṣé mo yege, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé tí ẹnu mi ò bá sọ̀rọ̀, irọ́ náà á kéré. Kí n tó gbójú sókè, ó ti ń jó, wọ́n ti di adìẹ mú. Itan méjèèjì ni mo jẹ, èmi aláìnítìjú.

Àtẹ̀gùn òkúta ni, ó ga, ó sì ní ibi ìsinmi mẹ́sàn-án. Gbogbo wa wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán, àmọ́ ìyá mi nìkan ló wà lórí orúnkún. Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa dúpẹ́, lókè. Rárá o. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni mo ṣe nínú ìdánwò. Ó ti há gbogbo wọn sórí, ó pín wọn sí ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan.

"Olúwa, o ṣeun fún Yorùbá."

A gùn ún díẹ̀.

"Olúwa, o ṣeun fún Àgíríìkì."

Nígbà tó dúpẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìkarùn-ún, mo dijú bí ẹni mímọ́, òógùn ń kán ní àgbọ̀n mi. Mátíìsì ló fi sí ìkẹyìn, torí ó gbọ́ pé ìyẹn ló le jù. Ẹ̀jẹ̀ ti hàn lára aṣọ funfun náà níbi orúnkún. Ìyá Ìjọ, tó ṣáájú wa, tó sì ti ń pè mí ní lọ́yà látìgbà tó gbọ́ pé mo yege, bojú wẹ̀yìn.

"Lọ́yà, ṣé o fẹ́ dákú ni? Ìyá ẹ tó ń rákò gan-an yá jù ẹ́ lọ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ní ibi ìsinmi kẹjọ, a ti ń rí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo di apá ìyá mi mú.

"Màámi, ẹ má dúpẹ́ Mátíìsì."

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò yege ẹ̀, mà. Gẹ̀ẹ́sì náà."

Mo ti múra ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ìgbájú. Ó kàn dìde, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

"Màámi, a mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀."

"Kí n bá ẹ gbé irọ́ wọlé Ọlọ́run?"

Ní ibi ìsinmi keje, ó dúró. "Eléyìí ńkọ́? Bàọ́lọ́jì?"

"Mo yege ẹ̀, mà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Bó ṣe bi mí lọ nìyẹn, títí a fi dé ìkarùn-ún. Ibẹ̀ ló tún ti fi orúnkún tó bó yẹn kúnlẹ̀. "Olúwa, jọ̀ọ́, mo gba ti ibí padà. Ọmọ náà ò sọ fún mi."

Mo ti tún iṣẹ́ méjèèjì ṣe. Èsì ò tíì jáde, ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ fóònù wò bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Àmọ́ ẹ̀rù tó ń bà mí báyìí yàtọ̀. Nígbà yẹn, mo rò pé òótọ́ á kó gbogbo ayọ̀ ìyá mi lọ. Méjì ló kó. Méje ṣì wà lórí òkè yẹn, níbi tó fi wọ́n sí. Ẹni tó bá sì bi mí bí inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe rí, mo máa ń sọ fún un pé mi ò mọ̀, mi ò débẹ̀.