Ìkíni Tí Mi Ò Dáhùn Lórí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Láti Sátidé ni mo ti ń rò ó bóyá kí n dákẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Lasunwon, n'Ìkòròdú, ni mò ń gbé. Bí mo bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, màmá kan tó ń gbé lódìkejì ilé wa máa ń kí mi. Èmi á kàn mi orí ni, íápíìsì ti dí mi létí. Mo rò pé ìyẹn náà tó.

Dàpọ̀, ọ̀rẹ́ mi láti yunifásítì, ló ń ya fótò. Kì í ṣe fótò ìgbéyàwó o! Tirẹ̀, á to èèyàn àti nǹkan kalẹ̀ bí eré, á wá yà á. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí dá lórí bí èèyàn ṣe lè dá wà láàárín èrò. Ó ní ojú mi gan-an lòun ń wá. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Ó ní, "Ṣeun, ojú ẹ dà bí ilé tí wọ́n tì pa." Ṣé kí n bínú ni, àbí kí n dúpẹ́?

A gba Ìtòíkin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Dàpọ̀ yá ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó ní kí n jókòó sí àárín rẹ̀. Ó yọ àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wà á kúrò, kó lè dà bíi pé wọ́n pa mí tì. Ó ní kí n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń léfòó, pé àwọ̀ rẹ̀ á ba fótò jẹ́. Ó so ọkọ̀ mọ́ òpó kan, ó ri okùn náà sábẹ́ omi kí kámẹ́rà má bàa rí i. Mo béèrè pé ṣé ó so ó dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo máa ń wádìí ohun gbogbo, mi ò fọwọ́ fà á wò!

Òfin tó fún mi ni pé mi ò gbọ́dọ̀ wo kámẹ́rà, mi ò sì gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Tó bá yá, kí n na ọwọ́, kí n ké bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. A kọ́kọ́ dán ìyẹn wò lẹ́ẹ̀kan, Dàpọ̀ sì yà á.

Kò pẹ́ tí bàbá apẹja kan fi wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá. "O kú ìjókòó o!" Mo gbọ́. Mi ò dáhùn. Ó tún kí mi, ohùn rẹ̀ ròkè. Mo tẹjú mọ́ omi. Ó bá tirẹ̀ lọ síbi àwọ̀n rẹ̀. Ojú tì mí, àmọ́ fótò là ń yà.

Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ mú mi fura. Àtàárọ̀ ló ti ń ta sí mi nímú láti etídò. Lójijì, mi ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Dàpọ̀ tó wà létídò ti kéré lójú mi. Okùn ti tú!

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo dìde, ọkọ̀ fì, mo yáa jókòó. Mo na ọwọ́, mo ké pé okùn ti tú. Ṣé ẹ mọ ohun tí Dàpọ̀ ṣe? Ó gbé àtàǹpàkò sókè! "Bẹ́ẹ̀ gan-an! Má wò mí!" Atẹ́gùn tó ń gbé mi lọ ló gbé ohùn rẹ̀ wá bá mi, kò gbé tèmi padà fún un. Bí mo ṣe ń ké tó, bẹ́ẹ̀ ni fótò ń dára sí i lójú rẹ̀.

Mo fi ọwọ́ wa omi. Ọkọ̀ kàn ń yí lójú kan ni. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù kì í ka aago. Ohun tó dá mi lójú ni pé mò ń pe màmá mi, títí ohùn mi fi há.

Ni mo bá gbọ́ àjẹ̀ lẹ́yìn mi. Bàbá yẹn ni! Ó di etí ọkọ̀ mi mú gírígírí.

"O kú ìjókòó."

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.

Bó ṣe ń fà mí lọ sétídò, ó ní nígbà tóun kí mi lẹ́ẹ̀mejì tí mi ò fọhùn, ọkàn òun ò lélẹ̀ nídìí àwọ̀n mọ́. Pé ẹni tó jókòó sórí omi láìní àjẹ̀, tí wọ́n kí i tí kò dáhùn, nǹkan ń ṣe é nìyẹn. Ó bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní Ìkòròdú. "Àbí ẹ̀yin ará Ìkòròdú kì í kíni ni?" Mo rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

Dàpọ̀ ti wọ omi dé orúnkún nígbà tá a dé. Bàbá wò ó látòkè délẹ̀, ó bi í pé kí ló ń yà. Dàpọ̀ rọra fèsì pé fótò ẹni tó dá wà ni, sà.

"Alihamudulilahi, o rí i yà. Ìwọ gan-an lo ṣáà fi í sílẹ̀."

Dàpọ̀ ò lè wò mí lójú. Nígbà tá à ń padà bọ̀, mo gba kámẹ́rà náà. Mo wo ibi tí mo ti ń ṣeré, mo wo ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí mi. Mi ò mọ ìyàtọ̀! Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju omi lọ.

Mi ò sọ pé irú fótò bẹ́ẹ̀ burú, mi ò sì sọ pé gbogbo ẹni tó dákẹ́ ló wà nínú ewu. Ẹ̀rí tí mo ní ò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó rí mi tí mò ń ké rò pé eré ni. Ẹni tí mi ò dá lóhùn ló padà wá.

Láàárọ̀ yìí, mo yọ íápíìsì létí, èmi ni mo kọ́kọ́ kí màmá òdìkejì. Ó lanu. "Háà! Ṣé o máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló kí yín lọ́sẹ̀ yìí tẹ́ ẹ ò dáhùn? Ta ló dákẹ́ tẹ́ ẹ padà lọ wò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.