Ulpiano Tí Í Jó Lórí Táìlì Kan Ṣoṣo

Ní ìlú Tenares, bí o bá dárúkọ olóògbé Ulpiano níwájú ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin ni yóò fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìtàn tíṣà ijó fún ọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Ulpiano jókòó sínú colmado Fior, sọ́ọ̀bù igun àdúgbò tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì àti ọṣẹ àti bíà, tí wọ́n sì ti ń pín òfófó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ta dómínò pẹ̀lú Chago ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ dómínò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà sì bá orí méjèèjì tó wà lórí tábìlì mu, irú oríire tí kì í bá ọkùnrin lójoojúmọ́. Ó ti gbé ọwọ́ sókè pé kó là á mọ́lẹ̀ nígbà tí Yokasta, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọlé pẹ̀lú òyìnbó kan.

Láti kékeré ni Yokasta ti ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní New York. Ó wálé fún ìsinmi ni. Ó ní, "Papi, Graham rèé. Tíṣà mi ni. Òun ló ń kọ́ mi ní bachata."

Ilẹ̀ wọn níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ijó bachata sílẹ̀. Ulpiano sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ta ló ń kọ́ ta ni ní kí ni?"

Graham rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi hàn wọ́n. Fior yí rédíò sókè. Graham bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ jáde lẹ́nu, "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, tẹ̀," Yokasta náà sì ń kà á tẹ̀ lé e bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ń mi àyà bí ejò tó ń la odò kọjá. Graham fi í pòòyì lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dà á sẹ́yìn títí irun rẹ̀ fi gbálẹ̀ sọ́ọ̀bù, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbéra lọ sókè, ó sì kọ lu tábìlì dómínò. Gbogbo ọmọ dómínò fò. Méjì bọ́ sínú ọbẹ̀ Doña Brígida, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó ń jẹun tirẹ̀.

Fior pa rédíò. Ulpiano wo ọmọ dómínò tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tí kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Ó gbójú sókè, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Tíṣà, ta ló ń lé yín?"

Ó dìde. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí Fior fi ń kọ iye owó ẹ̀wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa ìlà yí táìlì kan ṣoṣo ká nílẹ̀. Ó tan rédíò padà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣu ẹnu sí Brígida, nítorí pé Ulpiano kì í bẹ obìnrin kí ó tó bá a jó, ètè ló fi ń pè wọ́n. Brígida gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì dìde.

Inú ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn ni àwọn méjèèjì jó sí títí orin fi tán. Ẹni tó bá wò wọ́n láti èjìká sókè á rò pé ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Láti orúnkún sísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí jìtá bá ké, àtàmpàkò á dá a lóhùn. Bí irin tí wọ́n ń ha nínú orin náà bá dún, gìgísẹ̀ á gbéra díẹ̀, á sì padà síbi tó wà. Wọ́n ń jó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbówó lórí. Nígbà tí orin parí, ìlà náà kò pa rẹ́ níbì kankan. Ulpiano mú Brígida padà sórí àga rẹ̀, ó sì gbé àwo ọbẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Ó yá, tíṣà. Tìrẹ dà?"

Graham bọ́ sínú ìlà. Ó ní "ọ̀kan," ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ní "méjì," ó ti dé ìdí pẹpẹ ọṣẹ.

Fior ní, "Ẹ dá a dúró o. Bó bá ka mẹ́ta, ìlú Santiago ló ń lọ."

Ọmọlúàbí ni Graham ṣá o. Ó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, ó ra bíà tí yìnyín funfun bò bí aṣọ ìyàwó tuntun fún gbogbo ilé, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì láti bẹ Brígida pé kó kọ́ òun. Yokasta ni kò rẹ́rìn-ín.

"Papi, ẹ dójú tì mí."

"Èmi? Ṣé èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ lu dómínò?"

"Bí wọ́n ṣe ń jó o níbi tí mò ń gbé nìyẹn."

"Kì í ṣe ijó, ìṣirò ni. Gbọ́, lọ́jọ́ tí o bá gbàgbé nọ́ńbà lèmi á bá ọ jó. Kò ní í ṣáájú ọjọ́ náà." Ojú gbogbo colmado ló ti sọ ọ́.

"Ó dáa," ni Yokasta wí. "Mi ò ní í bẹ̀ yín."

Ẹni bíni là á jọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dúró láàárín wọn nìyẹn, tí ọdún ń gorí ọdún. Bí Yokasta bá wálé, yóò bá Chago jó, yóò bá ọmọ Fior jó, yóò bá awakọ̀ ọ̀kadà tó wá ra sìgá jó. Bàbá rẹ̀ náà á ṣu ẹnu sí opó, sí omidan, sí ìyá ọkọ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ojú Yokasta kì í kúrò lára ètè bàbá rẹ̀. Kò sí ohun tó wù ú nílé bàbá rẹ̀ tó pé kí ètè yẹn kọjú sí òun lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì ń dùn ún wọ egungun bó ṣe ń fò ó kọjá.

Ulpiano a máa jó bí ẹni tó wà lórí ìlà ní báǹkì. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í dijú, kì í làágùn. Bí àlejò bá béèrè ìdí rẹ̀, á ní, "Ẹsẹ̀ la fi ń jó bachata, kì í ṣe eyín." Bí irọ́ bá sì wọ̀ ọ́, ẹ máa wá ibi fi ara tì. Ó ní ìgbà tí òun ń fẹ́ Zunilda, ìyá Yokasta, inú ilé ìdáná ìyá rẹ̀ làwọn ti máa ń jó, adìẹ kan sì sàba sábẹ́ tábìlì níbẹ̀. Ó ní àwọn jó ní gbogbo àkókò tí adìẹ náà fi sàba, ìyẹ́ rẹ̀ kan kò sì mì. Ó ní nígbà tí àwọn òròmọdìẹ jáde, bí wọ́n bá rìn díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀.

Chago bi í pé, "Ẹsẹ̀ mélòó ni wọ́n ń rìn kí wọ́n tó dúró?"

Ulpiano rí pàkúté náà. "Mi ò mọ̀," ló fi fèsì. "Ìyá wọn ló kà á."

Wọ́n tún ń rántí ọjọ́ tí iná lọ. Iná a máa lọ ní Tenares, kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà àárín orin ló lọ. Fáànù dúró, àwọn oníjó kùn, kálukú padà sórí àga. Ulpiano àti Zunilda nìkan ni kò dúró.

"Ulpiano, iná ti lọ o," ni Chago wí.

"Ti rédíò ló lọ. Ti ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀."

Ìró sálúbàtà wọn nìkan ni à ń gbọ́ lórí ilẹ̀. Nígbà tó yá, orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ìró yẹn. Brígida ń fi imú kọ ọ́, Fior mú ṣíbí, ó fi ń ha agolo wàrà. Gbogbo wọn ti dìde padà nígbà tí iná dé lójijì, rédíò sì gbé ìpolówó ọṣẹ lé wọn lórí. Àwọn yòókù dúró. Ulpiano ní tirẹ̀ jó ọṣẹ náà parí.

Àṣírí kan wà tí colmado kò mọ̀. Lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀, níbi tí ojú ayé kò dé, Ulpiano ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní òun búra pé òun ò ní í bá a jó, òun ò búra pé òun ò ní í kọ́ ọ. Zunilda ló fi ṣe alájọjó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ jókòó, ó ń pàṣẹ. Kí Yokasta má baà kà, ó ní kó fi omi sẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n dé ibi mẹ́ta ni omi náà tú jáde, ó sì bá Ulpiano nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé agbòjò wá sídìí ẹ̀kọ́.

Zunilda ní, "Bàbá Yokasta, ọmọ kọ́ lẹ bí, òjò lẹ bí."

Yokasta wá kọ́ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́. Inú bàbá rẹ̀ dùn, ó ti ń fa àga súnmọ́ wọn, àfi bí ìyàwó rẹ̀ ṣe figbe ta. "Ó ti gbé nọ́ńbà náà sọ́wọ́. Ó ń tẹ ẹ̀yìn mi bí ẹni tẹ fóònù." Ulpiano gbé agbòjò rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀ ni eré ọ̀hún dín kù. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun òkè, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù, kò gbọdọ̀ jó. Ó rù. Ẹsẹ̀ tí gbogbo ìlú ń wárí fún kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e dé ilé ìwẹ̀ mọ́. Yokasta fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní New York, ó wá dúró tì í. Lójoojúmọ́ ló ń bá bàbá rẹ̀ jókòó sí ìloro, tí wọ́n ń wo colmado ní òdìkejì títì, ohun tó sì ń rò nínú ni pé bàbá yìí á kú láì bá òun jó.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Yokasta ń pa òtílí sínú abọ́. Zunilda wà nílé ìdáná, ó ń se kọfí. Orin àtijọ́ kan ti òdìkejì títì dé, ti ọkùnrin tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀ tó ń bẹ ọtí pé kó dá òun lóhùn. Yokasta gbójú sókè, ó sì rí i pé bàbá òun ti ṣu ẹnu.

Ó bojú wẹ̀yìn wò. "Èmi?"

"Ṣé ewúrẹ́ wà lẹ́yìn rẹ ni?"

"Papi, dókítà ní..."

"Dókítà ò sí níbí."

"Mo ṣì ń kà."

"Mo mọ̀. Dìde kí orin tó tán."

Ó dìde. Ó fa bàbá rẹ̀ sókè lórí àga, bàbá náà fi ọwọ́ kan gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójúkan náà, ẹsẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bàbá náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ba Yokasta. Etí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu Ulpiano gẹ́lẹ́, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta..."

"Papi, ẹ ń kà."

"Mi ò kà. Àdúrà ni mò ń gbà."

"Àdúrà wo ló ń jẹ́ ọ̀kan, méjì, mẹ́ta?"

"Àdúrà ẹni tí ò fẹ́ ṣubú. Pa ẹnu mọ́, o ò jẹ́ kí n mọ ibi tí mo dé mọ́."

Yokasta pa ẹnu mọ́. Ìgbà yẹn ló tó fura pé látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, òun ò tíì ka ẹyọ ẹsẹ̀ kan. Kò sí nọ́ńbà lẹ́nu rẹ̀, kò sí níka rẹ̀. Jìtá ló ń gbọ́, àti èémí bàbá rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dùn ún. Nígbà tí orin parí, Ulpiano mú un padà sídìí abọ́ òtílí rẹ̀, bó ṣe máa ń mú gbogbo obìnrin padà sórí àga wọn, ó sì jókòó, ó ń mí gulegule.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó sùn tí kò jí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, tí í ṣe ìparí àdúrà òkú rẹ̀, àgbàlá kún. Fior ti pa rédíò colmado láti ọjọ́ ìsìnkú. Wọ́n gbàdúrà tán, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, ni ìtàn bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ti tíṣà, wọ́n sọ ti adìẹ, wọ́n sọ ti ọṣẹ. Fior nu ojú, ó ní, "Ọkùnrin yẹn ò ka ẹsẹ̀ rí láyé rẹ̀."

"Ẹ yéé tan ara yín," ni Chago wí. "Kò sẹ́ni tí kì í kà nínú ara rẹ̀. Mo bá a jiyàn lé e fún ogójì ọdún. Yokasta, wọ́n ní ìwọ lo bá a jó kẹ́yìn. Etí rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ṣé ó kà, àbí kò kà?"

Brígida dá ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà dúró lọ́wọ́. Zunilda gbé àwo kọfí dání lẹ́nu ọ̀nà, kò sì lọ síwájú. Fèrèsé ilé ìdáná kọjú sí ìloro, kò sì sí ohun tí bàbá àti ọmọ ṣe lọ́jọ́ ijó náà tí Zunilda kò rí, tí kò sì gbọ́.

Yokasta wo àbẹ́là tó ń jó níwájú àwòrán bàbá rẹ̀. Kò mọ irọ́ í pa, wọn ò kọ́ ọ rí.

"Kò kà," ló wí. "Èmi ni mo ń kà. Ó ní kí n pa ẹnu mọ́, mò ń dí òun lọ́wọ́, òun fẹ́ gbọ́ jìtá."

Àgbàlá hó. Chago ju fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ó gbà pé òun ti fìdí rẹmi. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ òótọ́, bí ẹ bá dé Tenares, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á mọ́nú.

Zunilda rìn gba àárín wọn kọjá. Ó fo Brígida, ó fo Chago, ó fo gbogbo àgbà tó yẹ kó kọ́kọ́ fún, ó sì gbé ife kọfí àkọ́kọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Gbà," ó ní, "ọmọ Ulpiano."

Yokasta gbà á. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, ìgbà yẹn ló tó sunkún.