Ẹ̀yìn Lẹ́tà Fọlọ́runṣọ́

Fóònù àbíkẹ́yìn mi ló dún "pìn" láàárọ̀ yìí tí àyà mi fi já. Ó ń múra ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé kíákíá: fóònù á máa ka ìṣẹ́jú, òun á máa sáré ka ìwé. "Dádì, mo ti ka ojú ìwé mẹ́wàá kó tó dún o!" Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí kò mọ ẹni tó ń fọ́nnu fún. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò fi pamọ́ fẹ́nikẹ́ni, ṣùgbọ́n ní gbogbo Ìdànrè ìgbà yẹn, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé Aládé, ọmọ wo ló ń kàwé yá jù mí lọ? Kò sí.

Pákò ni tíṣà wa fi kọ́ wa. Ó ní ẹni tó bá ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́nu bó ṣe ń kà á, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ojú nìkan ló ń sáré. Oníkálukú á fi pákò há eyín kí ètè má baà mì, á sì máa fi páálí pẹlẹbẹ bo ìlà tó ti kà. Kíláàsì á pa lọ́lọ́, òórùn kòkó á gbalẹ̀, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé ni wọ́n ń kó kòkó sá sí bí òjò bá ṣú. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́. Tíṣà á ní, "Ìwọ tún ni, Ẹ̀fúùfù!" Orúkọ yẹn dùn létí mi ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Fọlọ́runṣọ́, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, pákò kì í dúró lẹ́nu tiẹ̀. Á jábọ́, á nù ún, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìka ló fi ń tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tí kò fo ọ̀kan. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìgbín. Á ní, "Ìgbín náà ń dé ibi tó ń lọ, Ẹ̀fúùfù." Bàbá ẹ̀ ti kú. Iléèwé girama kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ fi ìdánwò gba ọmọ wọlé, ọ̀fẹ́ sì ni fún aláìníbàbá. Bí kò bá rí i wọ̀, oko kòkó ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ní Ofosu ló kàn.

Àwa méjèèjì la ṣe ìdánwò ìwọlé náà. Mo ti jẹ bọ̀ọ̀lì méjì tán níta kí Ìgbín tó jáde. Òun ni wọ́n mú. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Àwọn ló pàdánù mi.

Ọjọ́ tí lẹ́tà dé, gbogbo agboolé pé. Fọlọ́runṣọ́ ti fi ìka dé ìlà kejì nígbà tí mo já a gbà. "Gbé e wá jàre! Kí o tó kà á tán, kòkó á ti so." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo yí i sí Yorùbá ní èémí kan: wọ́n ti mú un, kó wá fún íńtafíù, Sátidé ni wọ́n máa parí ẹ̀. "Sátidé!" ni mo pariwo. Ìyá ẹ̀ kúnlẹ̀ fún èmi ọmọ ọdún méjìlá. "Olúwa á túbọ̀ lajú ẹ, ọkọ mi." Fọlọ́runṣọ́ nìkan ló fà mí láṣọ: "O ò yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò?"

Mo ní kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. N kò wò ó.

Aládùúrà ni ìyá ẹ̀. Ìwé tó bá ní ọ̀ràn ńlá nínú, orí pẹpẹ ni wọ́n ń gbé e sí. Wọ́n á tan àbẹ́là tì í, wọ́n á gbé ìgò omi àdúrà lé e, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí àdúrà ọjọ́ méje á fi pé. Ojú lẹ́tà ló wà lókè.

Ní Sátidé, mo bá wọn lọ sí Àkúrẹ́. Ta ni wọn ò bá mú lọ, bí kò ṣe èmi akàwé? Bàbá tó ń ṣọ́ géètì gba lẹ́tà, ó yí i padà. Orúkọ ìlú ló wà lẹ́yìn, pẹ̀lú ọjọ́ íńtafíù ìlú kọ̀ọ̀kan. Ti Ìdànrè, Ọjọ́rú. "Ta ló ka ìwé yìí fún yín, Màmá?" Ó wọlé lọ bá wa bẹ̀bẹ̀, ó padà, ó mirí: wọ́n ti fi ẹlòmíràn dí àyè náà. Ìyá kò wo ọ̀dọ̀ mi. Fọlọ́runṣọ́ náà kò wò mí. Ó fi ìka tọ ìlà yẹn, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ètè ẹ̀ ń mì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó bá ọkọ̀ lọ sí Ofosu. Nígbà tí ìjọba sọ iléèwé girama di ọ̀fẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó ní òun ti dàgbà ju bẹ́ǹṣì lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ sí mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òjò ló kún iwájú. Mo yí i padà. Ìlà kan ló wà lẹ́yìn: "O ṣeun tí o yí i. N kò bínú." Èmi Ẹ̀fúùfù, ojoojúmọ́ ni mo ń sún èsì ẹ̀ sí ọ̀la. Ìròyìn tó tẹ̀ lé e ni pé igi wó pa á lóko.

Lónìí mo ti kọ́lé méjì, àwọn tó kàwé jù mí ń pè mí ní sà. Pákò ti di fóònù, a kì í rí kòkó lọ́dẹ̀dẹ̀ iléèwé mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún mi níwèé, ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ń wò, kódà bó ṣófo.

Fóònù tún dún, ọmọ mi ṣí ojú ìwé mìíràn. Mo na ọwọ́, mo ṣí i padà sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, mo fi ìka tọ ìlà tó gbẹ̀yìn fún un, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Dádì, ẹ ń dá mi dúró o."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."