Ọjọ́ tí mo béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi láyé ìjọba sójà, kí fóònù alágbèéká tó dé. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ohun tí mo ń ṣe lọ́wọ́ a dúró.

Láti kékeré ni mi ò ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣọ ni mò ń hun l'Ọ́wọ̀. Mo kọjú sí ògiri, mo kẹ̀yìn sí ayé, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n òwú wọ́n, ẹ̀yìn ń ro mí, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá ní kí n wá máa jókòó ti tẹlifóònù ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà òun. Ẹ wo irú ẹni tí wọ́n ní kó máa bá ayé sọ̀rọ̀!

Iṣẹ́ náà kò le. Ọmọ a pè láti Èkó tàbí Kàdúná, a ní kí n ránṣẹ́ pe ìyá òun. Bí ìyá bá dé, ọmọ a tún pè. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa, kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọn á ti béèrè ara, iṣẹ́, òjò, ọmọ. Orí mi a máa fọ́. Mo wá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ń sọ fún gbogbo wọn, ohùn kan náà: "Ẹ ǹlẹ́. Ta lẹ fẹ́? Ẹ rán wa níṣẹ́, a ó jẹ́ ẹ." Mo bá dákẹ́.

Inú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò dùn. Ó ní, "Ìyàwó, àwọn oníbàárà ní o kì í kí àwọn."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, owó wọn ni mò ń bá wọn ṣọ́."

Ìyá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ọmọ mẹ́ta ló bí: Bọ́sẹ̀ ní Èkó, Délé ní Ìbàdàn, Tọ́pẹ́ ní Kàdúná. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, á máa retí ìpè wọn. Á wò mí, á ní, "Àbúrò, ṣé o ti fi ahọ́n rẹ jẹ ẹ̀bà ni?" Màá kọjú sí fóònù mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi, mo dákẹ́. Ẹni tó pè kò kí mi. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀rọ ni. Irú èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó wá ní òun ni Délé, ọmọ Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá ẹni tó máa sọ fún ìyá òun pé Tọ́pẹ́ kú nínú jàǹbá mọ́tò, pé wọ́n ti ń gbé òkú bọ̀ láti Kàdúná, yóò délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní òun kò lè fi ẹnu òun sọ ọ́ sí ìyá òun létí. Fóònù kú.

Èmi, ẹ̀rọ! Ṣé ẹ lè rò ó? Nílẹ̀ wa, a kì í dédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Àwọn àgbà ló ń kó ara wọn jọ, wọn a fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká kó tó kàn án. Bọ̀ọ̀dá sì ti lọ sí Àkúrẹ́. Bí mo bá dúró dè é, òkú fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà. Olórí ẹbí wọn ni mo fẹ́ lọ wá. Ta ni mo kọ́kọ́ rí? Ìyá Bọ́sẹ̀, níwájú ilé, nídìí agbada gàrí. Ó ti rí mi.

Mo ní mi ò ní jẹ́ kó fura. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí mi ò ṣe kí ẹnikẹ́ni rí: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru iná, ṣé ara le, ṣé gàrí ń tà. Mo wá ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí gàrí.

"Àbúrò," ló wí jẹ́jẹ́, "láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, o ò béèrè ọmọ lọ́wọ́ mi rí. Èwo nínú wọn ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Ti Kàdúná ni."

Kò ké. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yọ eegun lára rẹ̀. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí iná. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń yan án lọ títí àwọn ará ilé fi dé.

Ìkíni mi ló túfọ̀. Ká ní mo ti ń kí i lójoojúmọ́ ni, ì bá tún jẹ́ ìyá ọmọ mẹ́ta fún ìgbà díẹ̀ sí i, títí àwọn àgbà yóò fi pé yí i ká.

Mo padà sídìí fóònù. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n mo ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pè. Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ni ẹnu mi kò gbà láti bi. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ ọjà kan, tó ní, "Àbúrò, bi mí."

Mo bi í. Ó ní, "Àwọn méjèèjì wà."

Ẹ máa kí èèyàn lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣe. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ń rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísọ lẹ fi ń jẹun, ọgbọ́n wo lẹ ń dá sí i? Ẹ sọ tiyín. Mò ń gbọ́, èmi kì í ṣe ẹ̀rọ.